Èbu Inú Ẹ̀dọ̀fóró Lẹ́yìn Òtútù Àyà Líle: Ta ni Ó Yẹ kí A Yẹ̀ Wò?

1.0 Ìfáárà

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ pé àrùn kan a máa ṣílẹ̀kùn fún òmíràn. Ìwádìí lórí àwọn tí ó kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlúẹ́ńsà ti 1918 ti fi hàn pé, fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì náà nìkan ni ó pa wọ́n. Òtútù àyà tí bakitéríà dá sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó parí iṣẹ́ náà. Ohun tí ó pẹ́ kí ó tó yé àwọn oníṣègùn ni pé bakitéríà nìkan kọ́ ni ó ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Èbu náà ń gba ibẹ̀.

Nínú bébà yìí, a ó gbìyànjú láti ṣàlàyé bí èbu ṣe ń mú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí òtútù àyà líle láti ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì ti dá wó, ìdí tí a kì í fi í tètè rí i, àti ohun tí ẹ̀rí àìpẹ́ yìí ń kọ́ wa. Kókó tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Òun náà ni pé òfin tí àwọn oníṣègùn fi ń mọ ẹni tí ó yẹ kí a wá èbu lára rẹ̀ jẹ́ òfin tí a ṣe fún irú aláìsàn mìíràn, àti pé bí a bá tẹ̀ lé e láìṣàtúnṣe, a ó máa fojú fo ọ̀pọ̀ ẹni tí ó yẹ kí a gbà là.

Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe àlàyé náà nìyí: a ó kọ́kọ́ sọ ohun tí èbu yìí jẹ́, a ó sọ bí ara ṣe ń lé e àti bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ba ìlànà náà jẹ́, lẹ́yìn èyí ni a ó gbé òfin àtijọ́ yẹ̀ wò lójú ẹ̀rí tí ó ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù wá, kí a tó wá bọ́ sórí COVID-19, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú.

2.0 Irú Ẹ̀dá tí Èbu Jẹ́

Èbu ni ohun tí ń hù bí òwú tàbí bí eruku sára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́, sára èlùbọ́ tí kò gbẹ dáadáa, àti sára ògiri ilé tí omi òjò ń jò sí. Ìbátan olú ni. Kì í ṣe ewéko, kì í ṣe ẹranko, kì í sì í ṣe bakitéríà. Oríṣiríṣi èbu ni ó wà láyé, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus fumigatus. Pier Antonio Micheli, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni ó fún ẹbí èbu yìí ní orúkọ Aspergillus ní 1729, nítorí pé nígbà tí ó wo orí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi, ó rí i pé ó jọ ohun èlò tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì fi ń wọ́n omi mímọ́.

Inú ewé jíjẹrà, ààtàn àti ìgbẹ́ ẹran tí a kó jọ ni ibùgbé rẹ̀. Ooru inú òkìtì ewé jíjẹrà kì í pa á, nítorí ó lè fara da ooru tí ó ju 50°C lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, 37°C tí í ṣe ìwọ̀n ooru ara ènìyàn kì í ṣe ohun tí yóò dí i lọ́wọ́. Ohun tí ó fi ń tàn kálẹ̀ ni hóró rẹ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Hóró yìí kéré púpọ̀: ìbú rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2 sí 3 lọ. Bí a bá to ogún wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, agbára káká ni wọn yóò fi ju ìbú ẹyọ irun orí kan lọ. Nítorí kíkéré rẹ̀ yìí, kò sí ohun tí ó ń dá a dúró nínú imú tàbí ọ̀fun. Tààrà ni ó lè lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

A gbọ́dọ̀ tẹ ibi yìí mọ́ni létí. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kì í mí hóró èbu yìí sínú. Lójoojúmọ́ ni olúkúlùkù ń mí wọn sínú lọ́pọ̀lọpọ̀, kì í sì í ṣe wá ní nǹkan kan. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ kì í ṣe "Níbo ni aláìsàn ti kó èbu?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni "Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ̀ tí kò fi lè lé èbu náà mọ́?"

3.0 Ògiri àti Ẹ̀ṣọ́

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri ẹ̀dọ̀fóró ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ inú àwọn ọ̀nà èémí. Irun tín-ín-tín wà lórí awọ yìí, ikun sì wà lórí irun náà. Bí hóró bá bà lé ikun, irun wọ̀nyí a máa gbá a lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi wú u jáde tàbí gbé e mì. Èyí ni ààbò kìíní.

Ààbò kejì ni ti àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́. Àwọn kan wà tí wọn kì í kúrò nínú àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ tiwọn ni láti gbé hóró tí ó bá kọjá ikun mì kí ó tó hù. Bí èyí tí wọn kò rí bá hù, tí ó sì yọ ẹ̀ka bí okùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a ya wá láti bá a jà. Ọ̀kan nínú ohun ìjà wọn ni èròjà olóró tí wọ́n ń fi ọ́síjìn ṣe. A mọ bí ohun ìjà yìí ti ṣe pàtàkì tó láti ara àwọn ọmọ tí a bí láìní in: èbu Aspergillus wà lára ohun tí ń pa wọ́n jù.

Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ìnfúlúẹ́ńsà bá wọlé, ààbò méjèèjì ni ó ń bàjẹ́. Inú sẹ́ẹ̀lì awọ ọ̀nà èémí ni fáírọ́ọ̀sì náà ti ń bí sí i, ó sì ń pa wọ́n bí ó ti ń jáde. Awọ náà a bó, irun tí ń gbá ìdọ̀tí a sì ṣí lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí ó bó yìí ni hóró èbu yóò ti rí ilẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Ní ti àwọn ẹ̀ṣọ́, ìlànà tí ara fi ń bá fáírọ́ọ̀sì jà yàtọ̀ sí èyí tí ó fi ń bá èbu jà, ìkíní a sì máa dín agbára ìkejì kù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun lè pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró náà, kí ohun ìjà wọn má sì ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Bí a bá ka iye wọn nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan, a ó rò pé ara le; ṣùgbọ́n iye ẹ̀ṣọ́ kọ́ ni agbára ẹ̀ṣọ́.

4.0 Òfin Àtijọ́ àti Ẹ̀rí Tuntun

Fún ọdún púpọ̀, ohun tí a fi kọ́ àwọn oníṣègùn ni pé àwọn tí agbára ìdáàbòbò ara wọn ti lọ pátápátá ni èbu Aspergillus ń mú: àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń ṣe, àwọn tí a pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun tàbí ẹ̀yà ara fún, àti àwọn tí wọ́n ti lo oògùn sitẹ́rọ́ìdì fún ìgbà pípẹ́. Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde tí a fi ń sọ pé ẹnì kan ní àrùn yìí. Wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ ní 2008 àti ní 2020. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, àmì nínú àwòrán ẹ̀dọ̀fóró àti rírí èbu nínú àyẹ̀wò kò tó. Àyàfi bí a bá gé ẹran ara wò tí a sì rí èbu nínú rẹ̀, aláìsàn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn tí a kà sílẹ̀ yìí.

Kí a má baà ṣe àìṣòótọ́ sí àwọn tí ó gbé ìlànà yìí kalẹ̀, ó yẹ kí a sọ pé wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé fún ìwádìí ni, kì í ṣe fún ìtọ́jú aláìsàn lórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n bí ìlànà bá ti pẹ́ nílẹ̀, a máa di ojú tí a fi ń wo ayé. Ẹni tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ náà, kò sẹ́ni tí yóò ronú èbu sí i.

Kì í ṣe pé kò sí àmì tí ó takò ó. Láti 1952 ni a ti ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tí èbu Aspergillus mú lẹ́yìn ìnfúlúẹ́ńsà. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ H1N1 ti 2009, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ẹnì kan níhìn-ín, ẹni méjì lọ́hùn-ún ni. Kò tó ohun tí a lè fi yí ìlànà padà.

Iṣẹ́ tí ó mú ọ̀rọ̀ náà dé gbangba ni èyí tí a tẹ̀ jáde ní 2018 láti yàrá ìtọ́jú àkànṣe méje ní Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn olùwádìí náà yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn 432 wò, tí ìnfúlúẹ́ńsà líle gbé dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe láàrin 2009 àti 2016. Nínú wọn, 83 ni èbu Aspergillus mú, èyí tí í ṣe 19 nínú 100. Láàrin àwọn 117 tí ara wọn ti kú lágbára tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà àtijọ́ ti wí, 38 ni ó mú, èyí tí í ṣe 32 nínú 100. Láàrin àwọn 315 tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, 45 ni ó mú, èyí tí í ṣe 14 nínú 100. Wọ́n tún wo aláìsàn 315 mìíràn tí òtútù àyà líle gbé dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìnfúlúẹ́ńsà ni ó fà á, tí kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ náà. Nínú tiwọn, 5 péré nínú 100 ni èbu mú.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo àwọn iye yìí. Lóòótọ́, ewu náà pọ̀ jù lórí àwọn tí ara wọn ti ṣe aláìlera tẹ́lẹ̀. Òfin àtijọ́ kò parọ́ ní ti èyí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 83 tí èbu mú, 45 ni kò ní àmì kan tí òfin náà ní kí a máa wò. Wọ́n ju ìdajì lọ. Oníṣègùn tí ó bá di òfin náà mú ṣinṣin kò ní wá èbu lára wọn rárá. Nígbà tí 90 ọjọ́ pé, 51 nínú 100 àwọn tí èbu mú ni ó ti kú; láàrin àwọn tí ìnfúlúẹ́ńsà mú láìsí èbu, 28 nínú 100 ni.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ náà tí ó yẹ fún àkíyèsí. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí aláìsàn dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe ni a ti rí èbu. Kì í ṣe àrùn tí ń dúró de ọ̀sẹ̀ kẹta.

5.0 COVID-19 àti Oògùn Olójú Méjì

Nígbà tí COVID-19 dé ní 2020, kò pẹ́ tí ìròyìn irú èbu kan náà fi ń jáde láti Jámánì, Faransé, Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè gbé ìlànà tuntun jáde fún irú aláìsàn yìí. Nínú ìlànà tuntun náà, COVID-19 líle tí ó gba ìtọ́jú àkànṣe ti tó fúnra rẹ̀ láti sọ ènìyàn di ẹni tí a lè wá èbu lára rẹ̀. Fún ìnfúlúẹ́ńsà náà, irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún kan náà. Èyí ni àtúnṣe tí a ń sọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ COVID-19 ní ẹ̀ka kan tí ó le. Ìwádìí ńlá tí a pè ní RECOVERY, tí Yunifásítì Oxford darí, fi hàn ní 2020 pé sitẹ́rọ́ìdì tí ń jẹ́ dexamethasone ń gba ẹ̀mí là. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, 41.4 nínú 100 ni ó kú láìsí oògùn náà. Pẹ̀lú oògùn náà, 29.3 ni. Kò sí ẹni tí ó lè fi irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ du aláìsàn. Síbẹ̀, iṣẹ́ sitẹ́rọ́ìdì ni láti mú ìbínú ara rọlẹ̀, ìbínú ara yìí kan náà ni ó sì ń pa èbu. Nínú iṣẹ́ 2018 tí a mẹ́nu bà, lílo sitẹ́rọ́ìdì kí aláìsàn tó dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe wà lára ohun tí ń mú kí ewu èbu pọ̀ sí i.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà ní 2021 jẹ́ àpẹẹrẹ bí ọ̀ràn yìí ti lè burú tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí èbu mìíràn ni, imú àti ojú ni ó sì ń bà jẹ́ jù, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Láàrin oṣù díẹ̀, àwọn tí èbu náà mú ju 45,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, tí a ti fún ní sitẹ́rọ́ìdì nítorí COVID-19. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe pé kí a pa sitẹ́rọ́ìdì tì. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó yẹ ni kí a fún, ní ìwọ̀n tí ó yẹ, fún iye ọjọ́ tí ó yẹ, kí a sì máa ṣọ́ ẹni tí a fún.

6.0 Ìṣòro Àyẹ̀wò

Bí a bá ti gbà pé ó yẹ kí a wá èbu lára àwọn wọ̀nyí, ìbéèrè tí ó kàn ni ibi tí a ó ti wá a. Níhìn-ín pẹ̀lú, àṣà àtijọ́ lè ṣì wá lọ́nà. Lára ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ti tán, èbu a máa tètè gún iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé. Nítorí náà, galactomannan, èròjà tí ń bọ́ lára èbu, a máa hàn nínú ẹ̀jẹ̀, àwòrán ẹ̀dọ̀fóró a sì máa fi àmì kan hàn bí òṣùpá tí ó yí ara rẹ̀ ká. Lára ẹni tí fáírọ́ọ̀sì kọ́kọ́ mú, ara awọ ọ̀nà èémí ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè ti jẹ ibẹ̀ jìnnà kí ó tó kan ẹ̀jẹ̀. Àwòrán náà kò sì ní fi nǹkan kan hàn tí òtútù àyà fúnra rẹ̀ kò lè fà.

Nínú iṣẹ́ ti Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù, àyẹ̀wò galactomannan nínú ẹ̀jẹ̀ rí èbu lára 65 nínú 100 àwọn tí a ṣe é fún. Nínú omi tí a fi fọ inú ẹ̀dọ̀fóró tí a sì fà jáde, ó rí i lára 88. Ní ti COVID-19, ẹ̀jẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bí 1 nínú 5 ni ó ń fi hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò rí nǹkan kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú gbọ́dọ̀ ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ olójú iná gba ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó fi ojú rẹ̀ wo awọ náà, kí ó sì fà omi ibẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, a kò gbọdọ̀ ṣe àṣejù. Níwọ̀n bí gbogbo wa ti ń mí hóró èbu, rírí i nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí àrùn. Ó lè jẹ́ àlejò tí ń kọjá lọ. Nígbà tí a kó àyẹ̀wò òkú àwọn 677 tí COVID-19 pa jọ ní 2021, nǹkan bí 2 nínú 100 ni a rí irú èbu bẹ́ẹ̀ nínú ẹran ara wọn. Nínú ìwádìí mìíràn tí ó kan ilé ìwòsàn 20 ní orílẹ̀-èdè 9, iye tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan rí bẹ̀rẹ̀ láti 1.7 títí dé 26.8 nínú 100 àwọn aláìsàn yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Irú ìyàtọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè wá láti ara èbu nìkan. Bí olúkúlùkù ti ń wá a, àti ohun tí olúkúlùkù ń pè ní àrùn, wà nínú rẹ̀.

7.0 Ìtọ́jú àti Ààlà Rẹ̀

Oògùn wà. Ní 2002, ìwádìí kan fi voriconazole wé amphotericin B tí a ti ń lò tipẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, 70.8 nínú 100 ni ó wà láàyè pẹ̀lú voriconazole, 57.9 pẹ̀lú èkejì. Láti ìgbà náà ni voriconazole àti àwọn ìbátan rẹ̀ ti di oògùn àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì gba kí a máa wọn iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìṣòro mìíràn ni pé àwọn àgbẹ̀ ń fi oògùn tí ó jọ ọ́ pa èbu lára ohun ọ̀gbìn. Ní Nẹ́dálándì ni a ti kọ́kọ́ rí i gbangba pé èbu tí ó ti mọ oògùn náà lójú nínú oko lè wá mú ènìyàn ní ilé ìwòsàn, kí oògùn má sì ràn án mọ́.

A lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi oògùn yìí fún gbogbo ẹni tí ìnfúlúẹ́ńsà líle bá gbé dé, kí èbu tó mú wọn. A ti dán an wò pẹ̀lú posaconazole, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2021. Kò fi àǹfààní tí ó dájú hàn, ìdí rẹ̀ sì ń kọ́ni lọ́gbọ́n: 71 nínú 100 àwọn tí èbu mú ni a ti rí èbu lára wọn láàrin wákàtí 48 àkọ́kọ́. Èbu ti ṣáájú oògùn dé. Àìtètè mú olè, olè a mú olóko.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú bébà yìí, a ti fi hàn pé èbu tí kò lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ní nǹkan kan lè pa ẹni tí fáírọ́ọ̀sì ti bó awọ ọ̀nà èémí rẹ̀. Pé ó ju ìdajì lọ nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀, nínú ìwádìí tí ó là wá lójú jù, tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí a ń ṣọ́. Àti pé inú ọ̀nà èémí ni ó yẹ kí a ti wá a, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ nìkan, láti ọjọ́ kìíní tí aláìsàn bá ti dé.

Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde nípa irú àwọn ẹ̀dá yìí tí ó léwu fún ènìyàn, ó sì fi Aspergillus fumigatus sí ìpele tí ó ga jù. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé. Iṣẹ́ tí Rita Oladele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní 2017, fi hàn pé láàrin àwọn tí a ń tọ́jú fún ikọ́ ife, a rí àwọn tí èbu Aspergillus ń bá jà. Irú àrùn tiwọn yàtọ̀, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n àṣìṣe ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí a ti ń tọ́ka sí: ohun tí a kò ronú sí, a kì í wá a, ohun tí a kò sì wá, a ó sọ pé kò sí.

Ibi tí ó yẹ kí iṣẹ́ tí ó bá tẹ̀ lé èyí gbé ti bẹ̀rẹ̀ ni yàrá ìtọ́jú àkànṣe tiwa. Kí a mú àwọn tí òtútù àyà fáírọ́ọ̀sì líle bá gbé wá, kí a fọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn wò bí ẹ̀mí wọn bá lè gbà á, kí a sì ka iye tí a bá rí, láìbéèrè tẹ́lẹ̀ bóyá jẹjẹrẹ wà lára wọn tàbí kò sí.